Ife Mẹ́rin Ọjọ́bọ̀

Méjìdínlọ́gọ́jọ ni ẹ̀rọ náà kọ. Ìyá Òṣùwọ̀n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ iṣẹ́ nù ún, ó fi í sójú pa dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Méjìdínlọ́gọ́jọ náà ni. Ó ní, "Irọ́ lò ń pa," bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí, torí pé omi inú ife yẹn kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Mẹ́rin ló ti ń jẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Tó bá burú tán, kó jẹ́ márùn-ún.

Ẹ̀rọ tó ń ka iyọ̀ àti èròjà tó ti yọ́ sínú omi ni. Omi ẹ̀rọ ìlú máa ń mú un kọ ọ̀ọ́dúnrún. Omi inú ike tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù a máa rìn láàárín ọgọ́rùn-ún sí igba. Àmọ́ omi tó bá ti gba inú asẹ́ ilé-iṣẹ́ tiwọn kọjá kì í ní nǹkan kan nínú mọ́, omi pọ́ńbélé ni, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń rí asẹ́ náà tà. Ìyá Òṣùwọ̀n fọ imú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó nù ún gbẹ, ó tún tẹ̀ ẹ́ bọ inú ife. Ẹ̀rọ kò yí ohùn pa dà.

Kí ẹni tí kò débẹ̀ rí tó lè mọ ohun tó ń já obìnrin yìí láyà, ó yẹ kó mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Asẹ́ omi ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó máa ń kọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Fọ́nrán tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń hun pọ̀. Kí èèyàn mú irun orí ẹyọ kan, kó là á sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà á; ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹgbàárùn-ún yẹn ni fọ́nrán wọn. Èèyàn mẹ́rin ló ń darí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Àgbà ló dá a sílẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú-Awò, torí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ló ronú kan fọ́nrán náà. Ẹlẹ́nu-Oyin ni obìnrin tó ń bá wọn wá oníbàárà, ẹni tí wọ́n ní ó lè ta agbòjò fún ẹja. Ìyá Òṣùwọ̀n sì ni olórí àyẹ̀wò. Bí òun kò bá fọwọ́ sí ìwé, asẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gba ẹnu géètì jáde.

Ọ̀gá Àgbà ló dá àṣà ife sílẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣì wà nínú yàrá méjì lókè ilé ẹni tó ń ta táyà, ó lu tábìlì, ó ní ohun tí àwọn ò bá lè mu, àwọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ mu. Láti ọjọ́ náà ló ti di pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ọjà ọ̀sẹ̀ náà tó jáde, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jókòó yí tábìlì ká. Màmá kan tó ń tọ́jú ilé ìdáná, Ìyá Onífe, á gbé ife wọn wọlé. Ife Ọ̀gá Àgbà ni búlúù, ti Ẹlẹ́nu-Oyin ní òdòdó lára, ti Ojú-Awò jẹ́ gíláàsì, ti Ìyá Òṣùwọ̀n sì funfun báláú. Kálukú á mu omi tó ti inú asẹ́ tuntun jáde, lójú ara wọn, kí wọ́n tó mú bírò. Ìyá Òṣùwọ̀n fẹ́ràn àṣà yìí débi pé ó máa ń fi í yangàn fún ẹbí. Ó máa ń ní ọ̀gá ibòmíì ń fi ẹnu lásán ṣèlérí, ọ̀nà ọ̀fun làwọn fi ń ṣe tiwọn.

Ọjọ́bọ̀ ti òní kì í ṣe kékeré. Igba ilé-ìwé ló ra asẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta sì ti fẹ̀yìn wọ ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ láti ìdájí. Wọ́n ti mu ife. Àwọn mẹ́ta ti fọwọ́ síwèé. Ó ku tòun, òun sì rèé, ó dúró níwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú ife búlúù Ọ̀gá Àgbà lọ́wọ́.

Ìgò ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìgò omi tó yẹ kó fi ṣàyẹ̀wò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì fọ́ yángá. Kó tún sọ̀ kalẹ̀ ní àjà mẹ́ta lọ bu òmíràn nísàlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá yà sí ilé ìdáná, ó bá àwọn ife àárọ̀ lórí àwo, wọn ò tíì fọ̀ wọ́n, omi díẹ̀ díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ wọn. Ìyá Onífe ò sí nítòsí. Ó gbé àwo náà lọ sídìí ẹ̀rọ. Ṣebí omi kan náà ni, ó sọ fún ara rẹ̀.

Ní báyìí, ó fa ife olódòódó mọ́ra. Ó tẹ imú ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Méjìdínlọ́gọ́jọ. Ó mú gíláàsì Ojú-Awò. Mọ́kàndínlọ́gọ́jọ. Ó wá kan ife funfun tirẹ̀.

Mẹ́rin.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn wá àga, kò bá a, ó fi ìdí ti tábìlì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ ṣe òun léṣe, pé wọ́n da nǹkan sínú tòun. Ó ronú lẹ́ẹ̀kejì, ó rí i pé tòun gan-an ló ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe. Tòun ni omi asẹ́. Omi ike ni àwọn mẹ́ta yòókù mu láàárọ̀ yìí, níwájú òun, tí Ọ̀gá Àgbà tiẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, tó ní ó tutù lọ́fun. Ó gbìyànjú láti rántí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ojú kan náà ló ń rí, ọ̀fun kan náà tó ń gbé omi mì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyá Onífe wà nídìí sínǹkì nígbà tí Ìyá Òṣùwọ̀n pa dà wọ ilé ìdáná, ó ń fún aṣọ ìnuwọ́. Ó rí àwo ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

"Màmá," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí, "omi wo lẹ bù sínú ife Ọ̀gá láàárọ̀?"

Màmá náà ká aṣọ ìnuwọ́ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó gbé e sórí táàpù. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ." Ìyá Onífe mí kanlẹ̀. "Ó dáa náà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn." Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ sínǹkì. Omi ike wà níbẹ̀, wọ́n tò ó ní ìlà mẹ́ta, bí ìgò oògùn. "Mi ò fi ọwọ́ ara mi ṣe é o. Àwọn ló rán mi. Obìnrin yẹn, Ẹlẹ́nu-Oyin, òun ló kọ́kọ́ wá, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó ní kí n máa bá òun bu omi ike, kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ó pẹ́ kí Ojú-Awò tó wá, á ti tó ọdún méjì báyìí. Òun náà ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Kò ju oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tí Ọ̀gá fúnra wọn wọ ibí, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀ nípa ara wọn?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn? Ṣé èmi tí gbogbo wọ́n ní kí n panu mọ́?"

"Ẹ ì bá ti sọ fún mi, Màmá. Ọdún mẹ́fà."

Ìyá Onífe wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ̀yin ni ò wá bá mi. Mo máa ń retí yín. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà yẹn, mo máa ń ní wọ́n á yà lónìí. Ẹ ò yà. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀."

Ìyá Òṣùwọ̀n gbé àwo ife rẹ̀ jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá ìpàdé gùn, àwòrán asẹ́ kún ara ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àti páálí ńlá tí Ẹlẹ́nu-Oyin ní kí wọ́n tẹ òwe sí: ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Inú ń bí i, ojú ń tì í, kò sì mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ó ti ń rò láti ọdún mẹ́fà yìí wá pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà nínú nǹkan kan ni. Kò tilẹ̀ bí ọmọ púpọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn mẹ́ta yìí ló fi kún ẹbí.

Wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìwé wà láàárín tábìlì pẹ̀lú ìbuwọ́lù mẹ́ta, Ọ̀gá Àgbà sì na bírò sí i kó tó jókòó. "Ìyá Òṣùwọ̀n, àwọn awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Fọwọ́ sí i ká jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Kò gba bírò náà. Ó gbé ife kálukú síwájú ẹni tó ni í, ó ti bébà pélébé tó kọ òǹkà sí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá gbé ife funfun síwájú ara rẹ̀. "Mẹ́rin ni tèmi," ó ní. "Kí kálukú wo tiẹ̀."

Ẹlẹ́nu-Oyin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín, ohun tó fi ń jẹun nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Kò dùn ni. Omi yẹn kò dùn rárá, ṣe ló dà bíi kéèyàn máa mu afẹ́fẹ́. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ jáde, èmi tí mò ń tà á. Ni mo bá sọ fún Màmá pé..." Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí bébà tó wà níwájú Ọ̀gá Àgbà. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà? Mo rò pé èmi nìkan ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Àgbà wí, jẹ́jẹ́.

Wọ́n jọ yíjú sí Ojú-Awò. Òun kò wo ife rẹ̀. Bébà iwájú àwọn méjì yòókù ló ń wò, ó ń wò ó lọ ó ń wò ó bọ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, àmọ́ nígbà náà ojú rẹ̀ dà bíi ti àgbàlagbà.

"Sọ̀rọ̀," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí fún un. "Ìwọ lo ṣe asẹ́. Kí ló dé tí o ò mu ún?"

"Mà, ẹ rántí asẹ́ àkọ́kọ́ tí oníbàárà dá pa dà, èyí tó lo ọdún mẹ́rin? Mo gé etí rẹ̀, mo fi sábẹ́ awò, mo ka fọ́nrán rẹ̀. Kò pé."

"Kò pé báwo?"

"Nínú ẹgbẹ̀rún tí mo hun, ọ̀kan tàbí méjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbà."

"Inú omi ni," Ẹlẹ́nu-Oyin sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

"Wọn ò lè sí nínú omi," ni Ìyá Òṣùwọ̀n dá a lóhùn kíá, torí ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n dé yẹn. "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń yẹ omi wò bóyá fọ́nrán wà nínú ẹ̀. Kò sí. Ó wà nínú ìwé. Kò sí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn Ojú-Awò kò le rárá. "Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń ka fọ́nrán ò lè rí ẹyọ kan. Ó dìgbà tí bí ogún bá so mọ́ra kó tó rí wọn. Èyí tó bá dá wà, kò lè rí i láéláé."

Ìyá Òṣùwọ̀n mọ̀ pé òótọ́ ni. Òun ló kọ́ wọn ní ẹ̀rọ náà, òun ló mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tẹ ìwé àyẹ̀wò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò rí i dé ibi tí ẹ̀rọ àwọn lè ríran dé. Ọ̀gá Àgbà ní ó gùn jù, pé àyè inú ìwé kò gbà á, pé ẹ̀rù á máa ba oníbàárà. Ìyá Òṣùwọ̀n pa á rẹ́. Ó kọ "kò sí". Lọ́jọ́ yẹn ó dùn ún díẹ̀, bí ìgbà tí bàtà tuntun bá há èèyàn. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, ó ti gbàgbé pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ rí, láti ìgbà náà ó sì ti kọ ọ́ tó ọ̀ọ́dúnrún ìgbà, ó sì gbà á gbọ́ ní gbogbo ọ̀ọ́dúnrún.

"Mo kọ̀wé sí Ọ̀gá," ni Ojú-Awò wí.

"Ó kọ̀wé sí mi," ni Ọ̀gá Àgbà gbà. "Bóyá ló kún inú ìwé náà. Bóyá wọ́n ń jáde. Bóyá wọn ò jáde. Tí wọ́n bá jáde, bóyá wọ́n ń ṣe èèyàn ní nǹkan, bóyá wọn ò ṣe é. Tí mo bá ní kí gbogbo bóyá tán kí n tó ṣílẹ̀kùn, ilé-iṣẹ́ wo ló máa wà?"

"Ẹ sì pààrọ̀ ife yín, àbí?" ni Ìyá Òṣùwọ̀n bi í.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àgbàlagbà tí wọn kì í bi ní irú ìbéèrè yẹn ni. "Mo pààrọ̀ rẹ̀."

Ìyá Òṣùwọ̀n pa dà sọ́dọ̀ Ojú-Awò. Òun ló fẹ́ràn jù nínú wọn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. "Èmi dà nínú ẹ̀? O kọ̀wé sí Ọ̀gá. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ojú-Awò fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tí igun rẹ̀ ti ṣẹ́ po. Ó gbé e sórí tábìlì, kò sì mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní mu ún mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa mu ún ká tó lè mọ̀. Ẹni mẹ́ta ni mò ń wò, mà. Ọ̀gá, aúńtì yìí, àti ẹ̀yin. Ọdún méjì ni mo fi ń wò yín. Mo rò pé ẹni mẹ́ta ni." Ó tún wo àwọn bébà náà. "Ó wá ku ẹ̀yin nìkan."

Ìyá Òṣùwọ̀n gba ìwé náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú ewé pín sí mẹ́ta, orúkọ iṣẹ́ kálukú wà lókè, ọ̀wọ́ ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ti ara rẹ̀ rí. Ikọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orúnkún ọ̀tún, ó ní ó ń ta òun. Ó rù díẹ̀, tàbí aṣọ rẹ̀ ló tóbi. Kò wá sí iṣẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó rántí ikọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Ojú-Awò pè é ní gbogbo àárọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó bi í bóyá ó sùn, bóyá ó ń rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, irú àwọ̀ wo ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ní. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà náà pé ká ní òun bí ọkùnrin ni, irú èyí ni òun ì bá bẹ Ọlọ́run fún.

"Ìtọ́jú lo pe èyí?" ó bi í.

"Mo tún ń ṣàánú yín, mà. Méjèèjì ni."

Ọ̀gá Àgbà fi bírò kan tábìlì, kò kàn án kíkankíkan. "Ẹ jẹ́ ká fi ìrora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìyá Òṣùwọ̀n, tẹ́tí sí mi. Ọdún mẹ́fà lo ti fi ń mu ún. Ife kan lọ́sẹ̀, kò fò ọ́ dá rí. Kí ló ṣe ọ́? O wúkọ́. Ta ni kì í wúkọ́? Orúnkún rẹ ń dùn ọ́, tèmi náà ń dùn mí. Kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ gan-an ni ẹ̀rí wa." Ó tún na bírò náà sí i. "Àwọn ilé-ìwé yẹn, omi kànga ẹlẹ́rẹ̀ ni ọmọ ń mu níbẹ̀. Ìyẹn ń pa wọ́n, a mọ̀. Èyí, a ò mọ ibi tó ti ń pa ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé ju nù. Ìyá Òṣùwọ̀n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ díẹ̀ sí bírò náà, torí pé bí òun bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni Ọ̀gá ń sọ, ara tòun náà sì le koko. Ó wá rántí nǹkan kan, ọwọ́ náà sì dúró lójú òfuurufú.

"Ẹ jẹ́ kí n pe ilé ná," ó ní.

Ó dúró síbi fèrèsé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n ti di ọkọ̀ méjì kún, wọ́n ń di ẹ̀kẹta, awakọ̀ kan sì fẹ̀yìn ti táyà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ rẹ̀ gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ìkòkò ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọwọ́ tó bí sì ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ nítòsí. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni. Ìyá Òṣùwọ̀n ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ de asẹ́ mọ́ táàpù ilé wọn, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé.

"Màmá mi, ẹ káàsán. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Omi wo lo fi po mílíìkì ọmọ láàárọ̀?"

"Omi asẹ́ náà ni. Mo ti bu ti ọ̀sán sílẹ̀ sínú fúláàsì. Kí ló dé?"

"Má fún un."

Ariwo ìkòkò dákẹ́. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ wá ní kí n má fún un." Ọmọbìnrin náà kì í bínú kíákíá, ìyá rẹ̀ gbọ́ ìbẹ̀rù nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn sì burú ju ìbínú lọ. "Màmá mi, ẹ̀yin lẹ ní omi mìíràn ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Oṣù mẹ́rin ló ti ń mu ún. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣé ó burú ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó dáa?"

Ó fẹ́ sọ pé ó dáa. Ó ti sọ ọ́ ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbà, ẹnu rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó fẹ́ sọ fún un pé ìyá rẹ ń mu ún láti ọdún mẹ́fà, ara rẹ̀ sì le. Ó ronú kan ọ̀fun kékeré ọmọ ọwọ́ yẹn, tí kò ju ìka méjì lọ. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ó tún un sọ.

"Kí n dà á nù?"

"Dà á nù."

Ó gbọ́ bí omi náà ṣe ń dà sínú sínǹkì. Kò pẹ́ tó fi tán. Ó dágbére fún ọmọ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, òun á gbé omi ike dání, ó sì rìn pa dà sí yàrá ìpàdé. Omi ti lé sí i lójú, kò nù ún.

Wọ́n ṣì jókòó bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Bírò wà lórí ìwé. Láti ìsàlẹ̀, fèrè ọkọ̀ akẹ́rù tún dún, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó dáa," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ṣé a lè parí ẹ̀ báyìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọmọ mi da omi asẹ́ tó bù sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ rẹ̀ nù," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí.

Ó dúró kí wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ti múra èsì sílẹ̀ bó ti ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Oyin tẹ orí ba. Ojú-Awò na ọwọ́, ó fa ìwé kékeré rẹ̀ sún mọ́ra, kò ṣí i. Ọ̀gá Àgbà mú bírò kúrò lórí ìwé, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife búlúù.

Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó bi í.